Oníbàárà mi ń rí gbogbo owó inú wálẹ́ẹ̀tì mi: kí ni kí n ṣe?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. USDT, owó kírípítò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, ni àwọn oníbàárà mi tó wà lókè òkun fi ń sanwó fún mi, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tron, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mo sì ti ń lò láti bí ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bẹ oníbàárà kan pé kó bá mi san ìyókù owó iṣẹ́. Ó fèsì pé kí ló dé tí mo ń kánjú, ṣebí owó wà lọ́wọ́ mi, ó sì dárúkọ iye tó wà nínú wálẹ́ẹ̀tì mi gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé wọ́n ti já wálẹ́ẹ̀tì mi ni? Àbúrò mi ní kí n máa lo VPN, ẹlòmíràn ní kí n gbé owó náà gba inú mixer. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé fífi owó ẹni pamọ́ kò sì lòdì sófin?"

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò já wálẹ́ẹ̀tì yín. Ohun tí oníbàárà yẹn ṣe kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ó mú àdírẹ́sì tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé owó iṣẹ́, èyí tó fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀ tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 34, ó lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwáǹkan lórí Tronscan, ojú òpó tí ẹnikẹ́ni ti lè wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Tron, gbogbo ẹ̀ sì yọ sí i: iye USDT tó wà níbẹ̀, iye TRX (owó ti Tron fúnra rẹ̀), gbogbo owó tó ti wọlé láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí i, gbogbo èyí tó ti jáde, ọjọ́ àti wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì tó san án àti èyí tó gbà á. Kò lo ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n ṣe ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà nìyẹn. Ìwé ìṣirò kan ni gbogbo àwọn tó ń lò ó jọ ní, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i pé kò sẹ́ni tó ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó rí owó yín níbẹ̀ kò lè gbé e, nítorí ọ̀rọ̀ méjìlá tí áàpù fún yín nígbà tí ẹ ṣí wálẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kọ pamọ́, nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ẹni tó ti mọ iye tó wà lọ́wọ́ yín ti mọ ibi tó máa ná yín dé nígbà tí ẹ bá dárúkọ owó iṣẹ́. Ó tún lè ka iye tí àwọn oníbàárà mìíràn ń san, kó rí i pé ẹnì kan san 400 níbi tí òun ti san 600, kó sì bẹ̀rẹ̀ àròyé. Èyí tó burú jù ni tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ilé yín. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ajínigbé mú David Balland, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Ledger tó ń ṣe wálẹ́ẹ̀tì kírípítò sílẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní ilẹ̀ Faransé, owó kírípítò ni wọ́n sì fi béèrè ìràpadà. Kò sí wálẹ́ẹ̀tì tó lágbára tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹni tó ti wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ pé kí owó ẹni má hàn síta mọ́ ọ̀rọ̀ ààbò ara, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú tàbí ti ẹni tó ní nǹkan burúkú láti fi pamọ́.

Ohun tó kó ọ̀pọ̀ èèyàn sínú irú èyí ni pé wọ́n gbọ́ pé owó kírípítò kò ní orúkọ ẹnì kankan lára, wọ́n wá rò pé kò sẹ́ni tó lè rí i. Lóòótọ́ orúkọ yín kò sí nínú ìwé ìṣirò yẹn. Àdírẹ́sì yín ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ tí orúkọ yín bá pàdé àdírẹ́sì náà níbì kan ṣoṣo, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ sẹ́yìn àti gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú di tiyín lójú ẹni tó rí i. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kò pọ̀: orí ìwé owó iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, ilé pàṣípààrọ̀ (ibi tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á) tí ẹ ti ṣe KYC, ìyẹn ìfidánimọ̀, pẹ̀lú BVN àti NIN, ọwọ́ ẹni tó bá yín ra USDT lórí P2P, níbi tí ẹnì kan ti ń tà fún ẹnì kejì tààrà, ojú ìwé Instagram tí ẹ lẹ àdírẹ́sì mọ́, àti screenshot tí ẹ gbé sórí WhatsApp láti fi hàn pé owó ti wọlé. Ní tiyín, ìwé owó iṣẹ́ ni. Orúkọ yín wà lókè, àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀, ọdún méjì sì ni ẹ fi há irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà.

Àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn kò ṣeé fọ̀ mọ́, mo fẹ́ kí ẹ gba èyí kí a tó tẹ̀síwájú. Ní 2016 wọ́n jí Bitcoin tó lé ní 119,000 ní ilé pàṣípààrọ̀ Bitfinex. Ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 2022, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó mú tọkọtaya kan ní New York, wọ́n sì gba èyí tó lé ní 94,000 padà nínú owó náà. Wọ́n ti gbé owó yẹn gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kọjá láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbésẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa tọ̀ ọ́. Owó òógùn ojú ni tiyín, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń wá yín, àmọ́ ìwé kan náà ni. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ti iwájú nìkan lẹ lè tún ṣe.

VPN tí àbúrò yín sọ kò burú, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí oníbàárà yẹn gbà wọlé. Tronscan kò mọ IP yín (nọ́ńbà tó ń fi fóònù yín hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kò sì sí IP ẹnikẹ́ni nínú ìwé ìṣirò Tron tàbí ti Bitcoin. Ibi tí IP ti ń hàn ni ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù wálẹ́ẹ̀tì yín ń bá sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí áàpù náà, ó ń béèrè pé èló ló wà lórí àdírẹ́sì yìí, èló ló wà lórí ìyẹn, sáfà náà sì rí i pé fóònù kan náà ló ń béèrè gbogbo wọn. VPN á fi ibi tí ẹ wà pamọ́ fún sáfà náà, àmọ́ kò ní kí sáfà má mọ̀ pé ẹnì kan ló ni àwọn àdírẹ́sì náà. Ẹni tó ni VPN yóò wá di ẹni tó ń rí ohun tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ń rí tẹ́lẹ̀, nítorí náà VPN ọ̀fẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín lè ṣe yín ní jàǹbá ju kí ẹ má lo nǹkan kan lọ. Ẹ sì má fi VPN orílẹ̀-èdè mìíràn wọlé sí àkáǹtì yín ní ilé pàṣípààrọ̀. Bí ó bá hàn pé Ìbàdàn lẹ wà láàárọ̀, tó sì di Jámánì lọ́sàn-án, wọ́n lè ti àkáǹtì pa títí ẹ ó fi tún ya fọ́tò ojú yín ránṣẹ́.

Mixer ni kí ẹ jìnnà sí pátápátá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, ó wá ń san owó ẹlòmíràn fún oníkálukú kí ẹni tó ń wò ó má lè mọ èyí tó ti ọ̀dọ̀ ta wá. Àwọn olè náà wà lára àwọn tó ń kówó síbẹ̀, owó wọn lè bọ́ sọ́wọ́ yín. Ní oṣù Kẹta 2023 ni àwọn agbófinró Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ChipMixer pa. Amẹ́ríkà fi mixer mìíràn, Tornado Cash, sínú ìwé àwọn tí ó léèwọ̀ láti bá ṣòwò ní oṣù Kẹjọ 2022, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò títí di oṣù Kẹta 2025. Ní oṣù Kẹrin 2024 wọ́n mú àwọn méjì tó dá Samourai Wallet, wálẹ́ẹ̀tì tó ní mixer nínú, sílẹ̀. Ẹ lè sọ pé ìyẹn kò kàn yín ní Ìbàdàn. Ibi tó ti kàn yín ni pé àwọn ilé pàṣípààrọ̀ ńláńlá ń sanwó fún àwọn tó ń tọpa owó tó bá wọlé. Bí wọ́n bá rí mixer lẹ́yìn owó yín, wọ́n lè dá a dúró, kí wọ́n ní kí ẹ wá sọ ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ ní ìwé owó iṣẹ́ tó fi hàn pé owó mímọ́ ni, ẹ wá lọ gbé e gba ibi tí ẹ kò lè ṣàlàyé. USDT tún burú sí i fún irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí Tether tó ń ṣe é jáde lágbára láti ti àdírẹ́sì pa kí USDT inú rẹ̀ má lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kúkú lo Monero, owó kírípítò mìíràn. Lóòótọ́ òun ni wọ́n ṣe fún irú ọ̀rọ̀ yìí: ìwé ìṣirò rẹ̀ kì í fi iye owó hàn, àdírẹ́sì tó gbà á kì í hàn, owó ẹni tó sanwó sì máa ń fara pamọ́ sáàárín owó mẹ́rìndínlógún tí a kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ àwọn oníbàárà yín kò ní Monero, Binance sì yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ wọn ní oṣù Kejì 2024, àwọn ilé mìíràn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ máa fi USDT pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tún máa fi pààrọ̀ padà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé àti èyí tí ẹ gbà jáde ni wọ́n máa ti rí yín. N kò rò pé ó bá ìṣòro yín mu.

Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ rọrùn ju gbogbo ìyẹn lọ, ìfarabalẹ̀ ló kàn gbà. Ẹ ya ibi tí owó ti ń wọlé sọ́tọ̀ kúrò níbi tí ẹ ń tọ́jú owó sí, kí okùn kankan má sì so wọ́n pọ̀ lójú gbangba. Ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí áàpù yín bá gbà kí ẹ ṣí ju àdírẹ́sì Tron kan lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá kan náà, ẹ ṣí wọn níbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá gbà, ẹ ṣí wálẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ti owó ìfipamọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ méjìlá tirẹ̀, yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, lórí ìwé nínú ilé, kì í ṣe nínú fọ́tò fóònù tí Google Photos ń gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún yín. Oníbàárà tó bá wo àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí Tronscan yóò rí owó tí òun fúnra rẹ̀ san, kò ní rí nǹkan mìíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni orí TRX. Ẹ gba 300 USDT sórí àdírẹ́sì tuntun, ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ó kọ̀, nítorí kò sí TRX níbẹ̀ tí yóò fi san owó iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fífi USDT ránṣẹ́ lórí Tron máa ń jẹ energy (ìwọ̀n agbára tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń ṣiṣẹ́) bíi 65,000 bí àdírẹ́sì tó máa gbà á bá ti ní USDT tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ní in rí, ó máa ń sún mọ́ 130,000. Bí ẹ kò bá ní energy, TRX ni wọ́n máa fi dípò rẹ̀, iye rẹ̀ sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo ohun tí áàpù yín bá kọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ni ènìyàn á wá ṣe? Á fa TRX díẹ̀ láti orí àdírẹ́sì àtijọ́ sórí tuntun. Ó ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí tuntun náà lórí Tronscan yóò rí i pé àtijọ́ ló fi TRX ránṣẹ́ sí i, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dé ibi tí gbogbo owó yín wà. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ ra TRX ní ilé pàṣípààrọ̀, kí ẹ sì fà á jáde láti ibẹ̀ tààrà sórí àdírẹ́sì tuntun kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wálẹ́ẹ̀tì ńlá tí ilé pàṣípààrọ̀ fi ń sanwó jáde ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójúmọ́, kò sí ohun tí ẹni tó ń wò ó lè fà yọ nínú ìyẹn.

Ìṣòro kejì ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó owó jọ. Bí àdírẹ́sì oníbàárà márùn-ún bá da owó wọn tààrà sórí àdírẹ́sì ìfipamọ́, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe já sí asán, nítorí èyíkéyìí nínú wọn lè tẹ̀ lé owó tirẹ̀ débẹ̀. Ẹ gbé e gba ilé pàṣípààrọ̀ tí ẹ ti ṣe KYC: ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ìgbowó yín níbẹ̀, kí ẹ wá fa èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú jáde sórí àdírẹ́sì ìfipamọ́. Ní ìta, oníbàárà lè tẹ̀ lé owó dé àdírẹ́sì ìgbowó yín, kó rí ohun tó ń wọ ibẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ó dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kò lè tẹ̀ lé e dé àdírẹ́sì ìfipamọ́. Ṣùgbọ́n bí 1,480 bá wọlé ní aago méjì, tí 1,479 sì jáde láti ilé kan náà ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fa iye kan náà jáde, ẹ kúkú ti ta èyí tí ẹ máa ná nínú oṣù náà kí ẹ tó fa ìyókù. Ilé pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí wọn kò ní mọ̀. Oníbàárà àti olè ni a ń sá fún níbí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò kúkú fún oníbàárà ní àdírẹ́sì ìgbowó ti ilé pàṣípààrọ̀ tààrà. Ó ṣeé ṣe, ó sì rọrùn: kò sí wàhálà TRX, ilé pàṣípààrọ̀ á sì kó owó kúrò lórí àdírẹ́sì náà sínú wálẹ́ẹ̀tì ńlá wọn, nítorí náà oníbàárà kò ní rí iye tí ẹ ní. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì kan náà lẹ fún gbogbo wọn, wọn á ṣì máa rí àròpọ̀ ohun tó ti ń wọlé fún yín. Owó náà kò tíì sí lọ́wọ́ yín pẹ̀lú, ọwọ́ wọn ló wà, wọ́n sì lè dá a dúró. Ìwé ìdánimọ̀ yín wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Ní oṣù Kárùn-ún 2025, Coinbase kéde pé àwọn ọ̀daràn fún díẹ̀ lára àwọn tó ń dá oníbàárà wọn lóhùn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kó orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti ìròyìn mìíràn nípa àwọn tó lé ní 69,000 lọ. Tèmi ni pé kí ẹ lo ọ̀nà yìí fún oníbàárà ẹ̀ẹ̀kan-ṣoṣo àti owó kékeré tí ẹ máa tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oníbàárà tó ń padà wá, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ́wọ́ ara yín.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi Bitcoin sanwó, ètò rẹ̀ yàtọ̀, ó sì gba àlàyé díẹ̀. Wálẹ́ẹ̀tì Bitcoin tó dára máa ń mú àdírẹ́sì tuntun wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí èyí àná bá ti gba owó, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá kan náà. Ẹ má ṣe padà sí àtijọ́. Satoshi Nakamoto fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó fi kéde Bitcoin ní 2008 pé kí ènìyàn máa lo kọ́kọ́rọ́ tuntun fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń tú àṣírí níbí ni ṣéńjì. Bitcoin tó wọlé fún yín dà bíi náírà oníwèé: bí ẹ bá mú ₦1,000 ra nǹkan ₦300, odindi ₦1,000 lẹ máa fà lé ọlọ́jà lọ́wọ́, á sì fún yín ní ṣéńjì. Ká ní oníbàárà kan san 0.02 fún yín, tí ẹ fẹ́ fi 0.005 san owó wẹ́ẹ̀bù. Odindi 0.02 náà ló máa jáde, 0.005 á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń san fún, ìyókù á padà sórí àdírẹ́sì tuntun kan tó jẹ́ tiyín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó iṣẹ́. Ẹni tí ẹ sanwó fún rí apá méjèèjì. Ó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó ti mọ ṣéńjì yín nìyẹn, á sì lè máa tọ̀ ọ́ lọ.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni ìgbà tí owó kan ṣoṣo kò bá tó. Ẹ fẹ́ san 0.03, wálẹ́ẹ̀tì yín á mú 0.02 ti oníbàárà àkọ́kọ́, á so ó pọ̀ mọ́ 0.015 ti ẹnì kejì, á san án lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà méjèèjì lè rí i pé ọwọ́ kan náà ni owó wọn bọ́ sí. Wálẹ́ẹ̀tì kì í béèrè lọ́wọ́ yín kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fúnra yín yan owó tó máa ná. Lórí Electrum, wálẹ́ẹ̀tì Bitcoin kan, ẹ lọ sí View, kí ẹ ní kó fi Coins hàn. Ẹ ó rí owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí èyí tí ẹ fẹ́ ná, kí ẹ yàn án. Lórí Sparrow, wálẹ́ẹ̀tì mìíràn, ojú ìwé UTXOs ni. Ẹ kọ orúkọ sára owó kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bá wọlé gan-an, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ kò ní rántí èyí tó jẹ́ ti ta. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má ṣe pín àdírẹ́sì tó ju ogún lọ tí wọn kò tíì san nǹkan kan sí, torí ogún ni ọ̀pọ̀ wálẹ́ẹ̀tì máa ń wò dé nígbà tí ẹ bá tún un gbé dìde lórí fóònù tuntun, owó tó bá bọ́ sórí èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀ lè má tètè hàn. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní xpub yín, kọ́kọ́rọ́ gígùn tí wálẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe àdírẹ́sì. Kò lè fi kó owó, ṣùgbọ́n gbogbo àdírẹ́sì yín, ti àtijọ́ àti èyí tí kò tíì sí, ló máa rí.

Ó ku ewu kan tó ń bá ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ ti tàn kálẹ̀ jà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i láìmọ ohun tó jẹ́. Ẹ ó rí 0 USDT tàbí nǹkan kékeré bí 0.01 tó wọlé láti orí àdírẹ́sì tó jọ èyí tí ẹ ń lò: lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ bára mu, mẹ́rin ìkẹyìn bára mu, àárín nìkan ló yàtọ̀. Jìbìtì ni. Ó ń retí pé lọ́jọ́ kan ẹ máa da àdírẹ́sì kọ láti inú ìtàn ìsanwó dípò ibi tó yẹ, kí owó yín lọ sọ́dọ̀ òun. Ní oṣù Kárùn-ún 2024 ẹnì kan fi Bitcoin orí Ethereum, WBTC 1,155, ránṣẹ́ sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 dọ́là; lẹ́yìn ìdúnàádúrà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ tó padà wá. Ẹ tọ́jú àwọn àdírẹ́sì tí ẹ máa ń sanwó sí sínú ìwé àdírẹ́sì áàpù yín, kí ẹ máa ka lẹ́tà mẹ́rin kan láàárín pẹ̀lú kí ẹ tó tẹ Send.

Ní ti P2P, ẹ má kúrò nínú àpótí ìjíròrò ilé pàṣípààrọ̀ lọ sórí WhatsApp pẹ̀lú ẹni tí ẹ kò mọ̀, nọ́ńbà fóònù yín lẹ fi lé e lọ́wọ́ yẹn. Bí orúkọ tó wà lórí owó tó wọ báǹkì yín kò bá bá orúkọ ẹni náà lórí ilé pàṣípààrọ̀ mu, ẹ má tú USDT sílẹ̀. Owó olè ni irú rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà púpọ̀, àkáǹtì yín ni wọ́n sì máa tì. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè NIN yín tí wọ́n sì gba vNIN, nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tó dúró fún NIN, ẹ fún wọn ní ìyẹn, ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, wákàtí 72 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì tí ẹ ti ṣe KYC, ẹ má sì ra ti ẹlòmíràn.

Ẹ béèrè bóyá ó lòdì sófin. Pé oníbàárà tàbí aládùúgbò kò mọ iye tó wà lọ́wọ́ yín kò lòdì sí òfin kankan. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ti ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021 wá, nígbà tí CBN ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì tó bá ń ṣe kírípítò pa. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n gbé àṣẹ yẹn kúrò. Láti 2025 ni òfin ìdókòwò tuntun ti fi kírípítò sábẹ́ SEC, àjọ tó ń rí sí ọjà ìdókòwò, òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 sì ka èrè orí rẹ̀ mọ́ ohun tí a ń san owó orí lé. Nítorí náà, ẹ ní ìwé tiyín nílé, kó má sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́, oníbàárà, iye, TXID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó), iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí báǹkì, ilé pàṣípààrọ̀ tàbí agbowó orí bá béèrè, ẹ ó fi hàn wọ́n wẹ́rẹ́. Owó orí gan-an, ẹ gbé e tọ oníṣirò owó lọ; èmi kò lè bá yín ṣírò rẹ̀ níbí.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ ṣí wálẹ́ẹ̀tì ìfipamọ́ tuntun, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjìlá rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pa wálẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ tún un gbé dìde látinú ohun tí ẹ kọ, kí ó lè dá yín lójú pé ẹ kò ṣì í kọ. Ẹ fa TRX tí yóò tó fún ìfiránṣẹ́ méjì sí i láti ilé pàṣípààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi USDT 20 láti orí àdírẹ́sì àtijọ́ ránṣẹ́ sí ilé pàṣípààrọ̀, ẹ rí i pé ó wọlé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tọ́, kí ẹ tó kó ìyókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fa èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú jáde sórí wálẹ́ẹ̀tì ìfipamọ́ bí mo ṣe sọ. Ẹ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà tó ń padà wá, ẹ fún oníkálukú ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn lórí fídíò tàbí ìpè pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, torí oníjìbìtì náà ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹ má pa àdírẹ́sì àtijọ́ tì kíákíá. Ẹnì kan á ṣì gbàgbé, á san owó síbẹ̀, nítorí náà ẹ fi TRX díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí, ẹ mú fóònù ẹlòmíràn, ẹ ṣí Tronscan, ẹ lẹ àdírẹ́sì tí ẹ fún oníbàárà kan síbẹ̀, kí ẹ máa tẹ owó tó wọlé àti èyí tó jáde níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá débi àdírẹ́sì ìfipamọ́ yín, TRX ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.